Iṣẹ́ Tí Bàbá Kúdí Rán Mi

Kó tó di pé ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi dákẹ́, òun ló máa ń jí mi láràárọ̀. Ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ ni. Wọ́n gbé e sí ojú fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè bọ́ sí i, ìyá mi á sì ti jókòó tì í kí ẹlòmíràn tó bu omi bọ́jú. Bí wọ́n bá ń rán ẹ̀gbẹ́ aṣọ, ìró náà á máa lọ geere. Bí wọ́n bá dé ọrùn, á lọ díẹ̀, á dúró, á tún lọ díẹ̀. Èmi á wà lórí ẹní, mà á máa fi etí mọ ibi tí wọ́n bá iṣẹ́ dé. Níta, Màmá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, á ti máa gbá iwájú ilé, wọ́n á máa fi èdè Èkìtì bú àwọn ewúrẹ́ tó sùn sẹ́nu ọ̀nà wa. Nídìí ẹ̀rọ omi, Bàbá Kúdí tí yàrá wọn kọjú sí tiwa á máa ṣe àlùwàlá, wọ́n á máa ha ọ̀fun bí ẹni tó fẹ́ tu gbogbo àná dànù. Agége ni ọgbà ilé náà wà, kò jìnnà sí ojú irin, nítorí náà rélùwéè náà máa ń dá sí ọ̀rọ̀ wa nígbà tó bá wù ú. Mo ti gbé ibi tó dára ju ibẹ̀ lọ láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n títí di òní, bí mo bá jí tí ilé pa rọ́rọ́, ọkàn mi kì í kọ́kọ́ balẹ̀.

Mẹ́káníìkì ni Bàbá Kúdí. Abẹ́ igi fúrúùtù kan lẹ́bàá títì ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà. Ìlú kan náà ni àwọn àti ìyá mi ti wá ní Ìjẹ̀bú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ìyá mi ní àbúrò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mọ́ṣáláṣí ni wọ́n ń lọ tí àwa ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Kúdí ọmọ wọn ni ọ̀rẹ́ mi. Gbogbo ọgbà ló mọ̀ pé etí Bàbá Kúdí yàtọ̀. Wọ́n á nà sórí ẹní nínú yàrá wọn, mọ́tò á kọjá lójú títì, wọ́n á sì sọ ohun tó ń ṣe é láìdìde. Ohun kan tún wà tí wọn kì í yẹ̀. Bí wọ́n bá pààrọ̀ ohunkóhun lára mọ́tò, wọ́n á fi ìwé ìròyìn wé èyí tó ti bàjẹ́, wọ́n á gbé e lé oní-mọ́tò lọ́wọ́. Wọ́n ní bí ọ̀gá àwọn ṣe kọ́ àwọn nìyẹn, pé ẹni tó bá yọ eyín fún èèyàn, kó fi eyín náà hàn án. Páálí kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá mi tó kún fún irú irin bẹ́ẹ̀. Ìyá mi máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kó o dànù, wọn kò gbà.

Tíṣà ni bàbá mi tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó lọ di ọ̀gá sítọ́ọ̀ ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ike ní Oregun. Gbogbo ọgbà ṣì ń pè wọ́n ní Tíṣà. Iṣẹ́ tuntun náà ò bá wọn lára mu. Àwọn tó tó ọmọ tí wọ́n ti kọ́ níwèé rí ló ń pàṣẹ fún wọn níbẹ̀, wọn kò sì rí ẹni tí wọ́n lè sọ ọ́ fún. Wọ́n á dé nírọ̀lẹ́, wọ́n á jẹ ẹ̀bà wọn láìsọ̀rọ̀, èmi àti ìyá mi á máa wo ojú wọn bí ẹni tó ń wo ojú ọ̀run bóyá òjò máa rọ̀. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ́dún náà, ohun tí mo sì fẹ́ jù láyé ni kí bàbá mi rẹ́rìn-ín. Mọ́tò aláwọ̀ eérú tí wọ́n rà ló ń mú ojú wọn tú díẹ̀. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, wọ́n á fọ̀ ọ́ fúnra wọn, wọ́n á fi aṣọ nù ún gbẹ, wọ́n á wá jìnnà sí i díẹ̀ kí wọ́n lè wò ó dáadáa.

Bàbá Kúdí ló ń tọ́jú mọ́tò náà níbẹ̀rẹ̀. Kò sí mẹ́káníìkì ẹgbẹ́ ọ̀nà tí kì í gbé mọ́tò oníbàárà jáde lọ dán wò. Ibi tó máa dán an wò dé ni èèyàn kì í mọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ Iléyá, Bàbá Kúdí tún bíréèkì mọ́tò wa ṣe, wọ́n gbé e jáde láti dán an wò, wọ́n sì dán an wò dé ọjà àgbò. Àgbò méjì ni wọ́n kó sí ìjókòó ẹ̀yìn. Wọ́n fọ ibẹ̀ lẹ́yìn náà o, wọ́n tilẹ̀ fi ọṣẹ sí i, ṣùgbọ́n òórùn àgbò kì í ṣe ohun tí ọṣẹ ń bá ṣeré. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá bàbá mi wọ mọ́tò náà pé kí wọ́n gbé òun dé òpópónà Allen. Ọ̀gá náà fi áńkáṣíìfù dí imú, ó sì béèrè lọ́wọ́ bàbá mi bóyá wọ́n ń sin ẹran nílé. Ojú tì wọ́n débi pé wọn ò lè jẹun nígbà tí wọ́n dé. Wọ́n bá Bàbá Kúdí nídìí ẹ̀rọ omi, Bàbá Kúdí sì bẹ̀bẹ̀, wọ́n ní kí Tíṣà má bínú, pé ọdún ló fà á. Ohun tó ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ ni pé wọ́n ń bẹ̀bẹ̀, ẹ̀rín ń yọ lẹ́nu wọn. Wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ àgbò ni, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ Oregun ni bàbá mi ń bá jà.

Lọ́jọ́ ọdún, Bàbá Kúdí fi itan àgbò ránṣẹ́ sí wa, odindi itan. Bàbá mi ní kí wọ́n dá a padà. Màmá àgbà ní a kì í dá ẹran ọdún padà fún aládùúgbò, pé bí ìgbà tí èèyàn bá da omi ẹ̀kún sí ojú ọ̀nà ni. Ìyá mi kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Wọn kò gbọ́. Èmi ni wọ́n rán, mo gbé abọ́ náà kọjá lójú gbogbo ọgbà, Ìyá Kúdí sì gbà á lọ́wọ́ mi láìwo ojú mi. Nígbà tí mo wọlé, bàbá mi sọ fún gbogbo wa pé láti ọjọ́ náà lọ, àwọn ò fẹ́ gbọ́ orúkọ ọkùnrin náà nínú yàrá àwọn, àwọn ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá bá àwọn. Ọwọ́ mi ṣì ń run ẹran tútù nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́.

Kọ́ńpìnnì kan ní Oregun tó ń ta mọ́tò tó sì ń tún un ṣe ni wọ́n ń gbé mọ́tò lọ lẹ́yìn náà. Mo tẹ̀ lé wọn lọ lẹ́ẹ̀kan. Gíláàsì ni ara ògiri iwájú, afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ nínú, wọ́n fún wa lómi tútù, wọ́n sì pe bàbá mi ní sà ju bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ nínú ọ̀sẹ̀ kan gbáko lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ wọ aṣọ funfun, a ò sì rí wọn níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́, wọ́n gbé mọ́tò gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, àwa jókòó. Nígbà tó yá, wọ́n mú ìwé kan wá tí wọ́n fi báírò máàkì gbogbo nǹkan tó wà lára mọ́tò, táyà, bíréèkì, iná, gbogbo rẹ̀, wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sí ìdí rẹ̀. Bàbá mi ka ìwé náà tán, wọ́n tún un kà, bí wọ́n ṣe máa ń ka ìwé ìdánwò ọmọ tó mọ̀wé. Nígbà tá a délé, Màmá àgbà béèrè pé irin wo ni wọ́n yọ. Bàbá mi ní kọ́ńpìnnì kì í dá irin padà, ìwé ni wọ́n ń fúnni. Màmá àgbà gba ìwé náà, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n ní àwọn ò rí eyín kankan níbẹ̀. 

Nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dún náà, mọ́tò wa bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ohùn kékeré ni, bí ìgbà tí oyin bá há sínú páálí. Bàbá mi tún gbé e lọ sí kọ́ńpìnnì, wọ́n sì tún mú ìwé bọ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n tún máàkì. Àwa ò gbọ́ ìkùn náà mọ́, bóyá torí pé ìwé ní kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láràárọ̀ tí bàbá mi bá ń gbé mọ́tò jáde, mo máa ń rí Bàbá Kúdí tí wọ́n á dá ọwọ́ dúró lórí kẹ́tùlù àlùwàlá wọn títí mọ́tò á fi yà sójú títì. Wọn ò sọ̀rọ̀. Ó ti jẹ́ òfin láàárín wọn lábẹ́ igi fúrúùtù yẹn pé mẹ́káníìkì kì í yọ ẹnu sí mọ́tò tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, àyàfi bí wọ́n bá pè é, kí wọ́n má bàa ní ó ń wáṣẹ́.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ìròyìn dé pé ara bàbá ìyá mi ò yá ní Ìjẹ̀bú, àwọn òbí mi sì pinnu láti lọ wò wọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo ń fọ abọ́ nídìí ẹ̀rọ omi nígbà tí Bàbá Kúdí ti ìrun Jímọ̀ dé. Ìyá Kúdí ti sọ ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò náà fún wọn. Wọ́n dúró lókè orí mi pẹ̀lú jalabíà funfun, wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n wá lóṣòó.

“Fọlákẹ́, mi ò wáṣẹ́ o. Sọ fún bàbá ẹ pé bíárìn tó ń yí táyà iwájú, lápá ọ̀tún, ti fẹ́ jẹ tán. Kí wọ́n má gbé mọ́tò yẹn lọ ìrìn-àjò. Kí wọ́n gbé e lọ sí kọ́ńpìnnì wọn yẹn náà, kí wọ́n tú táyà yẹn wò lójú wọn. Kì í ṣe èmi o. Ṣó o gbọ́?”

Mo ní mo gbọ́. Wọ́n ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ láìfi ọ̀kan sílẹ̀. Wọ́n ní kí n sọ ọ́ lónìí. Lójú ẹni tí kì í ṣe ará ọgbà wa, ó lè dà bí ohun àìmọgbọ́nwá pé àgbàlagbà tó mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ á fi í rán ọmọdé. Ṣùgbọ́n bí àwọn àgbà méjì bá ń yan ara wọn lódì, ẹnu ọmọdé ni ọ̀rọ̀ ń gbà kọjá láàárín wọn, kó má bàa dà bí ẹni pé ẹnì kan ló kọ́kọ́ tẹ̀. Mo ti jẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún wọn rí, lórí ọ̀rọ̀ omi àti ọ̀rọ̀ iná, kí ọ̀rọ̀ ẹran ọdún tó dé.

Mo gbé abọ́ wọlé láti lọ jíṣẹ́. Ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ rán bùbá tuntun kan tán fún bàbá mi, èyí tí wọ́n máa wọ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú, ọrùn rẹ̀ sì ti kéré jù. Orí bàbá mi há síbẹ̀. Nígbà tí mo wọlé, apá wọn méjèèjì wà lókè, aṣọ bò wọ́n lójú, wọ́n ń rìn kiri yàrá, wọ́n ń kọ lu bẹ́ẹ̀dì, ìyá mi sì ti jókòó sílẹ̀, ẹ̀rín ń pa wọ́n. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn kan látinú aṣọ náà tí mi ò kọ́kọ́ mọ̀. Bàbá mi ló ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ní kí ìyá mi dákun gba àwọn, àwọn fẹ́ kú. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé bí mo bá dárúkọ Bàbá Kúdí, ẹ̀rín náà á dá wái, ojú tí mo ti mọ̀ láti ìgbà Iléyá á sì padà dé. Mo gbé abọ́ sílẹ̀, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Mo ní mà á sọ ọ́ bó bá di àárọ̀. Ní àárọ̀, Màmá àgbà rán mi lọ ra àkàrà, ìlà sì gùn nídìí alákàrà. Ibi tí mo ti ń tò ni mo ti rí mọ́tò aláwọ̀ eérú tó kọjá, ìyá mi wà ní ìjókòó iwájú lápá ọ̀tún, wọ́n juwọ́ sí mi.

Wọn ò tíì dé Ṣágámù tí táyà náà fi yọ. Mọ́tò wọ́ lọ sínú kòtò lápá ọ̀dọ̀ ìyá mi. Ojú bàbá mi bó díẹ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọwọ́ ọ̀tún ìyá mi fọ́ ní ibi mẹ́rin, nígbà tí wọ́n sì tú sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi dì í kúrò lẹ́yìn oṣù mélòó kan, àwọn ìka náà ò ká mọ́. Ìyá mi gbìyànjú láti fi ọwọ́ òsì ti aṣọ sábẹ́ abẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ wọn ṣì mọ bó ṣe ń tẹ ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n aṣọ náà ń wọ́. Wọ́n gbìyànjú fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin wọ́n fi aṣọ bo ẹ̀rọ náà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwo lé e lórí. Inú mi bàjẹ́ débi pé mi ò lè sunkún. Láràárọ̀ mà á jí, mà á fetí sílẹ̀, ìgbálẹ̀ Màmá àgbà nìkan ni mà á máa gbọ́.

Bàbá mi kó gbogbo ìwé lọ sí kọ́ńpìnnì. Wọ́n fún wọn lómi tútù. Wọ́n fi máàkì hàn wọ́n lórí ìwé, pé àwọn yẹ táyà náà wò, wọ́n sì béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ bóyá mẹ́káníìkì ẹgbẹ́ ọ̀nà kankan ti fọwọ́ kan mọ́tò náà rí. Bàbá mi tí kì í purọ́ ní bẹ́ẹ̀ ni. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí fún kọ́ńpìnnì.

Ní ọgbà wa, kò parí bẹ́ẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo jókòó ti Màmá àgbà lójúde, à ń ṣa ẹ̀wà. Bàbá mi wà lórí àga wọn lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá Kúdí ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, Màmá àgbà sì pè wọ́n dúró. Wọ́n ní, “Mufú, ìwọ tó o máa ń gbọ́ ìró mọ́tò látorí ẹní, o ò gbọ́ tèyí ni?”  Bàbá Kúdí wò mí. Ọwọ́ mi wà nínú ẹ̀wà, mi ò lè gbé e sókè. Wọ́n ti mọ̀ nígbà náà, mo rí i lójú wọn pé wọ́n mọ̀ pé mi ò jíṣẹ́. Wọ́n wò mí pẹ́, kí wọ́n tó yí ojú sí Màmá àgbà.

“Mo gbọ́ ọ, màmá.”

“Kí lo wá ṣe?”

“Inú ló ń bí mi. Mi ò sọ̀rọ̀.”

Màmá àgbà ní inú tó ń bí i ló gba ọwọ́ lára ìyàwó ọmọ àwọn. Bàbá mi dìde, wọ́n wọlé, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ náà ni àwọn obìnrin ọgbà ò ti dá Ìyá Kúdí lóhùn mọ́, tí àwọn tó ń gbé mọ́tò lọ sábẹ́ igi fúrúùtù sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibòmíràn. Kí ọdún tó parí, ilé Bàbá Kúdí kó ẹrù wọn. Kúdí ò bá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, ìyá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un. Bàbá Kúdí nìkan ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ẹní lábẹ́ apá. Wọ́n ní kí n má sunkún, pé ọmọdé ni mí, pé àwọn ló yẹ kí ó fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wá kan ilẹ̀kùn wa. Mo ti rò ó títí, òótọ́ wà níbẹ̀. Kò mú ẹrù náà fúyẹ́ fún mi.

Àdúgbò Ọmọlé ni mò ń gbé báyìí. Ní oṣù tó kọjá, mọ́tò tèmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ọmọ mi ọkùnrin ní kọ́ńpìnnì ni kí n gbé e lọ, pé kọ̀ǹpútà ló máa sọ ohun tó ń ṣe é. Mo gbé e lọ, wọ́n fún mi ní ìwé tó mọ́ ju ti ayé bàbá mi lọ, ìkùn náà sì wà níbẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí láti gbé e lọ sí ẹgbẹ́ ọ̀nà. Kọ́ńpìnnì ò mọ èèyàn rárá, mẹ́káníìkì sì mọ èèyàn jù; ọ̀kan á máàkì ohun tí kò wò, èkejì á fi mọ́tò ẹni kó àgbò. Ní ìgbẹ̀yìn mo lọ bá bàbá àgbàlagbà kan ní Agége. Ó ní kí n máa wà á lọ díẹ̀díẹ̀, ó rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó tẹ etí sí i, ó ní bíárìn ni. Nígbà tó pààrọ̀ rẹ̀ tán, mo ní kó fún mi ní èyí tó yọ. Ó wò mí, ó ní àwọn èèyàn kì í béèrè mọ́. Ó wá ìwé ìròyìn, ó wé e fún mi.

Mo gba ilé àwọn òbí mi kọjá. Bàbá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ojúde ni wọ́n máa ń jókòó. Wọ́n béèrè ibi tí mo gbé mọ́tò lọ, wọ́n sì tún sọ ohun tí wọ́n ti ń sọ láti ogójì ọdún ó lé. “Kọ́ńpìnnì ò mọ̀. Mo ti foríji ẹni tí ò mọ̀. Ẹni tó mọ̀ tí ò sọ ni mi ò lè foríjì.” Mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Mo gbé irin náà lé wọn lẹ́sẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo sì jẹ́ iṣẹ́ tí Bàbá Kúdí rán mi fún wọn, bí wọ́n ṣe ní kí n tún un sọ gan-an, títí dé ibi tí wọ́n ti ní kì í ṣe èmi o.

Bàbá mi tú ìwé ìròyìn náà. Wọ́n béèrè bóyá ọkùnrin náà ṣì wà láyé. Mo ní wọ́n ti kú, pé Kúdí ló sọ fún mi nígbà tá a pàdé ní báńkì kan. Wọ́n yí irin náà síwá sẹ́yìn lọ́wọ́.

“Ṣé torí mo ní kẹ́nikẹ́ni má dárúkọ ẹ̀ ni?”

Wọ́n ti ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún mi. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á gbé ẹ̀bi náà rù, bí Bàbá Kúdí ṣe gbé e rù.

“Rárá, sà,” ni mo wí. “Orí yín há sí bùbá. Ẹ ń rẹ́rìn-ín ni.”

Ìyá mi pè wá látinú yàrá, wọ́n ní kí la dákẹ́ lé lórí níta. Bàbá mi ní kò sí nǹkan kan, mọ́tò ni. Wọ́n gba irin náà mọ́ra, wọ́n fi ìwé ìròyìn wé e dáadáa, wọ́n dìde díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.